Àpá Tó Wà Nínú Oko Màlúù

Mo rántí ọdún tí mo so awò awọ̀nàjíjìn mọ́ ọrùn bí òyìnbó, tí mo wọ bàtà ọ̀rẹ́ mi tó tóbi jù mí lọ, tí mo sì gbéra láti Múṣín lọ purọ́ fún ìyá àgbàlagbà kan nínú oko màlúù rẹ̀ lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo sì gbà pé kò sí ohun tó ń jẹ́ igi láyé yìí tí mi ò mọ̀. Ìyá mi, tí òun àti bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí wọ́n tó bí mi sí Múṣín, máa ń sọ pé, "Pákó lo mọ̀, o ò tíì mọ igi." Ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín. Lójú tèmi, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Tábìlì kan ló gbé mi débẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Àgùdà, ní kí n bá òun ṣe tábìlì ìjẹun tí gbogbo ọmọ àti ọmọọmọ òun á lè jókòó yí ká nígbà ọdún Iléyá. Kò fẹ́ kí n so pákó mọ́ pákó. Odindi pákó àpá kan ṣoṣo ló fẹ́ kó wà lórí rẹ̀, torí ó ti rí irú rẹ̀ nílé ẹnì kan nígbà èwe rẹ̀, kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tó lọ́gbọ́n á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wádìí ná. Èmi ní, "Kò sí wàhálà, mà. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Mo tilẹ̀ dá oṣù tí màá gbé e wá fún un. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá onípákó tí mò ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ní ẹyin àkùkọ lòun fẹ́ jẹ. Ó ní irú àpá tó gbòòrò bẹ́ẹ̀ kì í sábà wọ Èkó mọ́, pé àwọn tó ń wọlé báyìí, ìgbà tí wọ́n ṣì ń dàgbà lọ́wọ́ ni wọ́n ti gé wọn.

Lẹ́yìn náà ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, opó ni, ọkọ rẹ̀ fi oko màlúù ńlá kan sílẹ̀ fún un. Apá kan jẹ́ pápá tí màlúù ń jẹ̀, apá kejì jẹ́ igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gégi tàbí kó yìnbọn nínú rẹ̀. Àpá kún inú rẹ̀. Àkọ́bí ọkọ ìyá yìí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yaba, ti ń rò ó pé kí àwọn ta igi ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iye tí wọ́n jẹ́ tàbí bí wọ́n ṣe tóbi tó, torí ìyá náà kì í jẹ́ kí onígẹdú kankan kọjá géètì. Àwọn tó bá fẹ́ wá wo ẹyẹ àti ẹranko nìkan ló ń gbà láàyè. "Ìwọ lọ bí àlejò," ni ọ̀gá onípákó wí. "Fojú díwọ̀n wọn fún mi. Èyí tó bá wù ọ́ jù nínú wọn, tìẹ nìyẹn." N ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní awò tí òun fúnra rẹ̀ rà láti máa fi wo bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè. Mo kọ́ orúkọ ẹyẹ mẹ́ta sórí, mo ní ó ti parí.

Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì fún mi. Obìnrin kékeré ni, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn, ó wọ bàtà rọ́bà, ó sì mú ìgò mílíìkì kan lọ́wọ́ tó fi ń fún ọmọ màlúù tí ìyá rẹ̀ kú lóúnjẹ. Màmá Olùkọ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ohun tí èmi náà sì ń pè é títí di òní nìyẹn. Ó béèrè irú ẹyẹ tí mò ń wá. Mo ní gbogbo ẹyẹ pátá ni. Ó wo bàtà mi, ó wo ojú mi, ó ní, "O káre," ó sì kọ orúkọ mi sínú ìwé àlejò. Lẹ́yìn náà ló fà mí lé bàbá darandaran kan lọ́wọ́, Fúlàní tó ti wà pẹ̀lú wọn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju tèmi ọmọ Múṣín lọ. Bàbá náà ní kí n máa tẹ̀ lé òun lẹ́yìn, kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun.

A kọ́kọ́ gba inú pápá kọjá. Àwọn màlúù funfun ń jẹ̀ jẹ́jẹ́, lékèélékèé ń bá wọn rìn lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Oòrùn mú débi pé ẹ̀yìn ọrùn mi ń ta mí. Bí a ṣe wọnú igbó, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ sínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi wọ́n ilẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí wọn. Mo ti fi ìfági fá àpá láìmọye ìgbà, mo mọ òórùn rẹ̀, mo mọ bí ó ṣe ń yọ abẹ ayùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n n ò tíì rí i ní ìdúró rí. Wọ́n dúró bí àgbààgbà tó wá síbi ìpàdé tí wọn ò kánjú láti sọ̀rọ̀. Èmi ń kánjú ní tèmi. Mo ń fi fóònù sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo ń fi ìka kan ara wọn kó-kó-kó láti mọ̀ bóyá inú wọn kò jẹrà. Bàbá darandaran á nàka sókè, á ní, "Ẹ wo àlùkò lọ́hùn-ún." Èmi á gbé awò sójú wàràwàrà, màá ní ó mà rẹwà o. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó ṣàkíyèsí pé ìdí awò ni mo kọ sójú, tí ohun gbogbo fi jìnnà réré sí mi. Ẹtu kan dúró níwájú wa ní ibi tí kò tó ìdajì òpópónà wa ní Múṣín, ó wò wá, ó lọ. Mo rí i, n ò sì rí i. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Nígbà tí a padà, Màmá Olùkọ́ ti bu iṣu àti wàrà díndín sílẹ̀ dè mí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ní ẹyẹ wo ló wù mí jù nínú gbogbo èyí tí mo rí. Mo dárúkọ àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí mo kọ́ sórí. Mo ní àkàlàmàgbò.

Ó ní, "N ò rí àkàlàmàgbò nínú oko yìí rí láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. "Fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ hàn mí."

Mo nà án sí i. Gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ igi ti gbẹ mọ́ etí èékánná mi, ojú egbò ayùn wà ní àtàǹpàkò mi, ibi tí ìfági ti máa ń ha mí lọ́wọ́ sì ti le bí awọ. Ó fi ìka rẹ̀ kan ibẹ̀ bí olùkọ́ tó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ nínú ìwé. "Ọwọ́ oníṣẹ́ igi nìyí," ló wí. "Ta ló rán ọ?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi kò tó ọjọ́ kan. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí tábìlì Àgùdà títí dórí ọ̀gá onípákó àti ọmọ ọkọ rẹ̀. Ìtìjú mú mi, mo gbé àwo oúnjẹ náà sílẹ̀. Bàbá darandaran tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní òun ti mọ̀ láti ibi igi kejì, pé ẹni tó wá wo ẹyẹ kì í kanlẹ̀kùn igi. Nígbà tí Màmá Olùkọ́ gbọ́ pé ọmọ ọkọ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ìró nù ún títí. Èmi ń retí pé yóò ní kí n dìde kí n máa lọ. Ohun tó sọ ni pé, "Jẹun tán. Lẹ́yìn náà, èmi náà á mú ọ lọ. O ti rí ohun tí wọ́n ní kí o wá wò. O ò tíì rí ohun tó wà níbẹ̀."

Ìrìn kejì yìí ni mo ṣì ń rántí jù. Ó kọ́kọ́ mú mi gun òkè kékeré kan ní ìkangun pápá. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí koríko, àfi yangí pupa tí òjò ti wẹ̀ títí tó fi yọ eegun. Mo rò pé yóò sọ pé àwọn onígẹdú ló ṣe é. Ó ní, "Àwa la gé e. Èmi àti ọkọ mi." Ó sọ fún mi pé nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn fẹ́ kí pápá fẹ̀ sí i, àwọn gé gbogbo igi orí òkè náà, àwọn sì rò pé koríko yóò gba ibẹ̀ kan. Òjò ọdún náà gbá ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Koríko kò hù. Omi tó ń sun lẹ́sẹ̀ òkè náà gbẹ, kò sì padà mọ́. Ọkọ rẹ̀, tí kì í sunkún, sunkún lórí òkè náà, ó sì búra pé àáké kò ní wọ ìyókù títí òun á fi kú. Nígbà tó kú, ìyá náà gbé ìbúra náà rù bí ẹni gbé ẹrù ẹlòmíràn tó sì wá di tirẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní tí a bá ń gégi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Àwa ò rò ó. Ìgbà tí a máa fi rò ó, igi ti wó."

Láti ibẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò kan tó ń ṣàn láti inú igbó rẹ̀. Kò fẹ̀, ènìyàn lè fò ó, ṣùgbọ́n ó mọ́ débi pé mo rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní ní ọdún kan tí ọ̀dá dá, tí kànga gbogbo abúlé tó yí wọn ká gbẹ, odò yìí nìkan ni kò gbẹ. Ó ṣí géètì sílẹ̀. Àwọn obìnrin abúlé ń wá pọnmi láàárọ̀, màlúù àwọn ẹlòmíràn ń wá mu ún lọ́sàn-án, ẹtu àti ìjímèrè ń wá mu ún lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti lọ. Ó ní láti ọjọ́ náà, bí ọlọ́dẹ kan bá gbé ìbọn wá sí ẹ̀bá wáyà tí òun fi sọgbà oko, àwọn ará abúlé ló ń lé e padà, kì í ṣe òun.

Lẹ́bàá odò yẹn ni àpá tó tóbi jù lọ wà. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì, n ò ká ìdajì rẹ̀. Pákó tí nọ́ọ̀sì Àgùdà ń wá wà nínú rẹ̀, mo mọ̀, mo tilẹ̀ mọ ibi tí màá ti gé e. Màmá Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa èso rẹ̀ méjì nílẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́: èso dúdú tó ń dán, tó dé fìlà pupa. Oyin ń wọlé, wọ́n ń jáde nínú ihò kan lókè. Gbòǹgbò rẹ̀ di etí odò mú bí ìka ọwọ́. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́, ohun kan sì ṣẹlẹ̀ sí mi tí n ò lè fi yangàn torí kì í ṣe èmi ló ṣe é. Nígbà tí mo tún gbójú sókè wò ó, n ò mọ iye pákó tó wà nínú rẹ̀ mọ́.

"Kí lo máa sọ fún onípákó?" ló bi mí bí a ṣe ń padà.

"Mi ò tíì mọ̀, mà."

"Ó dáa. Bí o bá ní o mọ̀ ni, mi ò ní gbà ọ́ gbọ́."

Kí n tó lọ, ó fi àpá kan hàn mí tí ìjì wó ní òjò tó kọjá, tó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wáyà. Ó ní èyí tí atẹ́gùn bá wó, àwọn máa ń lò ó, pé bí mo bá fẹ́ rà á, kí n wá gbé e. Kò gbòòrò tó ohun tí mò ń wá, ṣùgbọ́n igi tó dára ni. Lẹ́yìn náà ló di wàrà tútù sínú ike kan, ó ní kí n bá òun gbé e fún ọmọ òun ní Yaba. Ọmọ òun ló pè é. Ọmọdé ni nígbà tí ìyá tó bí i kú, òun ló tọ́ ọ dàgbà. "Kì í gbé ìpè mi mọ́," ló wí, ó sì yíjú sí ọmọ màlúù tó ń fi imú tì í lẹ́yìn.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi bọ̀ ni mo ti pa gbogbo àmì tí mo ṣe sínú fóònù rẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá onípákó ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó béèrè pé mélòó ni wọ́n. Mo ní mo kà wọ́n, ṣùgbọ́n n ò ní sọ. Ó bi mí bóyá ẹlòmíràn ti ṣèlérí ohun tó ju tòun lọ fún mi. Mo ní rárá, sà, mo kàn débẹ̀ ni. Ó pòṣé, ó kọjú sí oníbàárà mìíràn, ó sì tó ọdún kan gbáko kó tó tún ta pákó fún mi. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi ni mo gba iṣẹ́ tí kò yẹ kí n gbà.

Ọmọ Màmá Olùkọ́ jù mí lọ dáadáa. Ó jókòó nínú ọ́fíìsì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Yaba, ó rò pé mo wá ta nǹkan ni. Nígbà tí mo gbé ike náà sórí tábìlì rẹ̀, tó ṣí i, ó gé díẹ̀ nínú wàrà náà, ó jẹ ẹ́ ní tútù bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ṣì ń fi ewé bòmùbómù mú un dì," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni wọ́n rán láti lọ díwọ̀n igi. Ó ní òun kì í ṣe ènìyàn burúkú, pé ọmọ mẹ́rin lòun ní, pé ilẹ̀ yẹn kàn wà lásán ni, pé òun kò tíì tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá òun. Mo sọ ti odò fún un, mo sọ ti ọdún ọ̀dá. Ó béèrè bóyá àpáta pẹlẹbẹ kan ṣì wà létí odò náà, níbi tí bàbá òun ti máa ń jókòó wo òun bí òun bá ń wẹ̀. Mo ní ó wà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "ẹ lọ wò ó fúnra yín. Bí ẹ bá débẹ̀ tán tí ẹ ṣì fẹ́ tà á, n ò ní lẹ́nu láti sọ nǹkan kan."

Kò ṣèlérí. Ó ní kí n kí màmá, ó sì bojú wo fèrèsé títí mo fi jáde.

Iṣẹ́ tó kù ló le jù, ìyẹn láti lọ sí Àgùdà lọ́wọ́ òfo. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì náà pé mo ṣèlérí ohun tí n ò ní. Ó bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n sọ ìtàn náà dópin, nígbà tí mo sì parí, ó ní, "Èyí tí ìjì wó yẹn, pákó mélòó lo lè rí nínú rẹ̀?" Mo padà lọ ra igi náà, pákó mẹ́rin ni mo sì rí nínú rẹ̀. Mo so wọ́n pọ̀ fún un, mo fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ sí i. Nígbà tó rí tábìlì náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú pákó rẹ̀ láti ìkangun dé ìkangun, ó ní bí òun bá di ojú, òun ò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyìn tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yìí ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, Màmá Olùkọ́ pè mí. Ó ní ọmọ òun wá. Ó ní kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó lò, pé ọjọ́ kejì ló bọ́ bàtà rẹ̀ tó sì wọnú odò lọ jókòó sórí àpáta, kò sì jáde títí màlúù fi dé. Òun àti ọmọ náà lọ bá agbẹjọ́rò lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ìwé pé igbó náà kò ní ṣeé tà, kò sì ní ṣeé gé, pé ẹbí ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ láti ìran dé ìran. Wọn ò pè mí síbi ìwé náà, kò sì yẹ kí wọ́n pè mí. Ṣùgbọ́n mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù débi pé fìlà mi bọ́.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ti níyàwó, mo ti bímọ, ṣọ́ọ̀bù mi sì ti fẹ̀. Lọ́dọọdún ni mo máa ń kó àwọn ará ilé mi lọ síbẹ̀. Mo máa ń bá wọn tún géètì àti àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe, àwọn ọmọ mi á sì máa bá ọmọ màlúù sáré. Mo mọ orúkọ ẹyẹ tó lé ní ogún níbẹ̀ báyìí, n ò sì kọ́ ọ̀kan nínú wọn sórí. Màmá Olùkọ́ kò lè rìn jìnnà mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń rìn yí oko ká fún un bó bá wá láti Yaba, á sì wá ròyìn fún un níbi tó jókòó sí. Nígbà mìíràn, mo máa ń bi ara mi pé kí ni mo ní níbẹ̀ gan-an. Mi ò ní igi kan, mi ò ní màlúù kan, bí mo bá kú lónìí, kò sí ewé kan tí yóò já bọ́ nítorí mi. Síbẹ̀, ara mi máa ń balẹ̀ pé ibẹ̀ wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹ̀rọ ìlagi ti ń pariwo, tí ooru Múṣín sì ti mú gbogbo wa so ẹ̀wù kọ́, bàbá darandaran pè mí. Ó ní òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, pé odò ti ń kún. Mo pa ẹ̀rọ, mo kígbe sí àwọn tí a jọ wà ládùúgbò pé òjò ti rọ̀. Wọ́n bojú wòkè, wọ́n rí oòrùn. Mo ní kì í ṣe níbí, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Wọ́n bi mí pé kí ló kàn mí nínú òjò Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní ó kàn mí.